Ìwé Ẹ̀rí Tàbí Ohun Tí Ojú Ti Rí: Ta Ló Yẹ Kó Jókòó Gbọ́ Ẹ̀dùn Ọkàn Ẹlòmíràn?

Orúkọ tí èdè wa fún kánsẹ́lọ̀ ti dá àṣìṣe kan sílẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Agbaninímọ̀ràn là ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ohun tí olùkọ́ máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìmọ̀ràn tó kó sápò wá. Wọ́n á ní kó pa ẹnu mọ́. Wọ́n á ní kó gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin, kó sọ ohun tó gbọ́ padà fún ẹni tó sọ ọ́, kó sì bi í bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni ọdún 23 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì kì í bá èyí jà púpọ̀. Kò tíì ní ìmọ̀ràn tó pọ̀ tó láti máa pín. Ẹni ọdún 50 tó ti sin òbí, tó ti tọ́ ọmọ, tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká lẹ́ẹ̀kan rí, òun ni ahọ́n máa ń yún.

Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ báyìí lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ àti àwọn olùtọ́jú ọkàn, ìyẹn àwọn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tẹ́rápísìtì, kò jìnnà sí ahọ́n tó ń yún yẹn. Ṣé irinṣẹ́ ni ayé tí ènìyàn ti gbé, àbí ẹrù tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀? Ṣé fásitì ló yẹ kó pinnu ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ náà, àbí ohun tí ojú ẹni náà ti rí? Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan nìyí. Òun ló ń pinnu ẹni tí ẹ máa bá nínú yàrá lọ́jọ́ tí oorun bá kọ̀ tí kò kùn yín mọ́, iye tí ẹ máa san fún un, àti iye oṣù tí ẹ máa fi dúró kó tó kàn yín.

Ibi tí òfin fa ìlà sí

Ìdí kan tí ọ̀rọ̀ náà kò fi tán ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó fa ìlà tirẹ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní láíséǹsì. Virginia ló kọ́kọ́ ṣòfin fún àwọn kánsẹ́lọ̀ ní 1976, California ló kẹ́yìn ní 2009. Ohun tí wọ́n jọ ń béèrè ni oyè másítà, ìdánwò, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí lábẹ́ alábòójútó kí ènìyàn tó dá dúró. Jámánì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1999 ni òfin ibẹ̀ ti ń dáàbò bo orúkọ olùtọ́jú ọkàn, àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020 sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ fásitì tó dá dúró gedegbe.

Ẹ sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí òdìkejì. Òfin ibẹ̀ ń ṣọ́ àwọn orúkọ kan bíi "clinical psychologist", ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan kánsẹ́lọ̀ tàbí "psychotherapist". Ẹni tó bá jí lówurọ̀ òní tó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ kò rú òfin kankan. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà fúnra wọn ló ń dí àlàfo yìí. Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ jù nínú wọn ni BACP. Wọ́n ní ìwé orúkọ tí ènìyàn ń fínnúfíndọ̀ wọ̀, wọ́n sì ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti jókòó ti àwọn ènìyàn gidi fún ó kéré tán 100 wákàtí kó tó parí ẹ̀kọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn ẹgbẹ́ náà gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní SCoPEd. Ó to ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti mímọ iṣẹ́ ṣe sí òpó mẹ́ta: A, B àti C.

Ariwo tó bá a rìn kò kéré. Àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́ ń béèrè pé ìgbà wo ni ìwé fásitì di àkàbà tí àwọn tó ti wà lókè tún gbọ́dọ̀ padà wá gùn. Àwọn tó gbèjà ìlànà náà ní ará ìta ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹni tó jókòó síwájú òun lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Mo rò pé ẹjọ́ tí àwọn méjèèjì ń rò tọ́. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni bí wọ́n ṣe ń rò ó bíi pé ohun tuntun ni.

Ẹjọ́ Reik

Ní Vienna, ní nǹkan bí 1925, Theodor Reik ń fi ọ̀nà tí Sigmund Freud là sílẹ̀ tọ́jú àwọn ènìyàn, ìyẹn èyí tí aláìsàn ti ń dùbúlẹ̀ tó ń sọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn. Ọ̀mọ̀wé ni Reik. Ó ti gba oyè dókítà ní fásitì ìlú náà láti 1912. Àmọ́ kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Àwọn aláṣẹ ìlú ní kó dáwọ́ dúró, ẹnì kan tó ti wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìtọ́jú sì tún fẹ̀sùn ayédèrú oníṣègùn kàn án. Freud, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà oníṣègùn, gbèjà rẹ̀, ó sì kọ odindi ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1926. Ohun tó wí níbẹ̀ kò dùn mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú. Ó ní ayédèrú ni ẹni tó bá dáwọ́ lé ìtọ́jú tí kò mọ̀, àti pé tó bá di ìtọ́jú ọkàn, àwọn dókítà ló pọ̀ jù nínú àwọn ayédèrú. Ó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìtàn ìwáṣẹ̀, kó mọ ẹ̀sìn, kó mọ lítíréṣọ̀. Wọ́n fi ẹjọ́ Reik sílẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò gbọ́ ti Freud. Ní 1938, American Psychoanalytic Association, ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo ọ̀nà Freud níbẹ̀, pinnu pé dókítà oníṣègùn nìkan ni àwọn á máa kọ́ ní iṣẹ́ náà. Ọdún yẹn gan-an ni Reik dé New York. Wọn kò gbà á sí ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́, ló bá dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1948. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì bẹ́ẹ̀ títí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá fi gbé wọn lọ sí kóòtù ní 1985, ó sì tó ọdún mẹ́ta sí i kí wọ́n tó yanjú rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń tilẹ̀kùn yìí, ta ni wọ́n ń ka ìwé wọn nínú ilé? Anna Freud, olùkọ́ ọmọdé tí kò ní dìgírì. Melanie Klein, tí òun náà kò ní. Erik Erikson, ayàwòrán tí kò jókòó ní fásitì gboyè kankan, tó sì padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard. Àwọn tó ń sọ pé ayé ló ń kọ́ni fẹ́ràn láti máa pe orúkọ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí.

Wọ́n kì í sábà fi ìyókù kún un. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kàn dìde láti ilé rẹ̀ tó lọ jókòó ti aláìsàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ti kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ níwájú ẹlòmíràn fún ọjọ́ pípẹ́, tó ń tú inú ara rẹ̀ palẹ̀: Klein níwájú Sándor Ferenczi àti Karl Abraham, Erikson níwájú Anna Freud, Anna Freud níwájú bàbá tó bí i lọ́mọ. (Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹgbẹ́ wo ló máa gbọ́ ọ lónìí tí kò ní lé wọn jáde?) Ìgbésí ayé wọn ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é lójú ẹnì kan tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ "lójú ẹnì kan" yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ń lọ.

Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra

Ní 1979, Joseph Durlak kó ìwádìí 42 jọ tó fi iṣẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wé ti àwọn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn kéré. Nínú èyí tó pọ̀ jù, kò sí ìyàtọ̀. Níbi tí ìyàtọ̀ wà, àwọn tí kò kàwé púpọ̀ ló sábà máa ń borí. Lọ́dún yẹn kan náà, Hans Strupp àti Suzanne Hadley ṣe nǹkan kan ní fásitì Vanderbilt tí àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lé lórí. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn wọn kò balẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan lọ sọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú ọkàn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn yòókù lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ fásitì tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn pátápátá, tí wọ́n yàn nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ara àwọn tó lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì balẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà.

Ní 1985, Jeffrey Berman àti Nicholas Norton padà lọ yẹ àkójọ Durlak wò, wọ́n yọ èyí tí wọn kò ṣe dáadáa kúrò. Ohun tó kù sílẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó borí ẹnì kejì.

Ẹ ti lè máa gbọ́ ohùn àwọn kan tó ń sọ pé ẹ wò ó, a ti wí bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró ná. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú nínú ìwádìí wọ̀nyẹn, ìṣòro wọn kò le. Àwọn tí kò kàwé náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣà láti ojú ọ̀nà. Wọ́n yàn wọ́n, wọ́n fún wọn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan sì ń ṣọ́ wọn. Ohun tí àwọn ìwádìí náà sọ ni pé ènìyàn tí a yàn dáadáa, tí a sì ń bójú tó, lè ṣe púpọ̀ láìsí dìgírì. Wọn kò sọ pé ẹni tó bá ti jìyà ti gboyè.

Èyí tó yẹ kó gba oorun lójú wa ni ohun tí wọ́n rí nípa ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ní 2016, Simon Goldberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn olùtọ́jú ọkàn 170 pẹ̀lú àwọn ènìyàn 6,591 tí wọ́n tọ́jú. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ọwọ́ wọn ń dára sí i. Rárá o. Bí a bá wò ó lápapọ̀, ṣe ló ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àwọn kan nínú wọn ń dára sí i. Ìwádìí mìíràn ní 2005 ní kí àwọn olùtọ́jú sọ èwo nínú àwọn 550 tó ń wá sọ́dọ̀ wọn ni nǹkan máa burú sí fún. Wọ́n dárúkọ ènìyàn mẹ́ta. Ogójì ló burú sí fún. Nínú mẹ́ta tí wọ́n dárúkọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà. Ní 2012, Steven Walfish àti àwọn mìíràn ní kí àwọn olùtọ́jú 129 fi ara wọn sí ipò láàárín ẹgbẹ́ wọn, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó gbà pé òun wà nísàlẹ̀ àárín.

Kí ló fà á? Aránṣọ máa ń rí aṣọ tí kò bá ènìyàn mu lójú ẹsẹ̀. Oníbàárà á wọ̀ ọ́, á yí i ká, á ní apá rẹ̀ há. Ẹni tí ìtọ́jú ọkàn kò bá bá mu kì í padà wá wí. Ó kàn dáwọ́ wíwá dúró, olùtọ́jú á sì máa rò pé ara rẹ̀ ti yá. Ènìyàn lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún 30 ọdún kó máa tún àṣìṣe kan náà ṣe, kó sì máa pè é ní ìrírí.

"Èmi náà ti là á kọjá"

Ìrírí ayé wá ńkọ́, èyí tí kì í ṣe ti ẹnu iṣẹ́? Ibi tí a ti lè wò ó dáadáa jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ọtí tàbí oògùn ti di bárakú fún. Láti 1935 tí Bill Wilson àti dókítà Bob Smith ti dá Alcoholics Anonymous sílẹ̀ ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ẹni tó ti jìn sí kòtò náà rí ló ń na ọwọ́ sí ẹni tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé. Àgbéyẹ̀wò kan tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, gbé jáde ní 2020, tó kó ìwádìí 27 jọ, rí i pé ọ̀nà yìí kò kẹ́yìn sí àwọn ìtọ́jú mìíràn tó lórúkọ, àti pé tó bá jẹ́ ká yàgò fún ọtí pátápátá ni, ó tilẹ̀ ṣáájú wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí fi kánsẹ́lọ̀ tó ti mutí bàjẹ́ rí wé kánsẹ́lọ̀ tí kò mu ún rí, nínú ilé ìtọ́jú kan náà, àbájáde ìtọ́jú wọn kò yàtọ̀. Èyí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu láti apá méjèèjì. Ìyà tí ènìyàn jẹ lè mú kí ẹni tó wá gbà á gbọ́ kíákíá. Kò sọ ọ́ di ẹni tó mọ ohun tó kù láti ṣe lẹ́yìn náà.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Wọn kò sọ fún wa bóyá wọ́n ti fọ àkísà náà. Ẹ wo obìnrin kan tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tó ń kọ́ṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ báyìí. Ọmọkùnrin kan jókòó síwájú rẹ̀, ó ní ìyá òun kú ní oṣù tó kọjá. Ọkàn obìnrin náà fò sókè. Ó fẹ́ sọ fún un pé ìbànújẹ́ náà máa rọlẹ̀, pé kó sunkún dáadáa, pé kó má ṣe dá nìkan wà, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún òun. Ohun tí ọmọkùnrin náà ń bọ̀ wá sọ ni pé inú òun dùn díẹ̀ pé ìyá náà kú, ojú sì ń ti òun. Tí obìnrin yìí bá ti kọ́kọ́ ya ẹnu, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní jáde láéláé. Ìrírí rẹ̀ kò ṣe é ní ibi. Àìtètè mọ̀ pé òun ló ń sọ̀rọ̀ ni ewu ibẹ̀.

Kò sí ìwé tó lè gba obìnrin yìí lọ́wọ́ èyí nípa kíkà nìkan. Ẹni tó lè gbà á ni alábòójútó tó máa gbọ́ ìròyìn ìjókòó náà, tó máa bi í pé, "Nígbà tí o sọ èyí, ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ìtàn Marsha Linehan tún fi ojú mìíràn hàn wá. Òun ló dá ọ̀nà ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní DBT sílẹ̀, èyí tó gba ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pa ara wọn lára là. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ìwé rẹ̀ pé. Ní 2011 ló tó sọ ní gbangba, nínú ilé ìwòsàn kan náà tí wọ́n ti gbà á wọlé ní ọmọ ọdún 17 ní 1961, pé òun náà ti wà níbẹ̀ rí, pé ohun tí òun ń tọ́jú lára àwọn ẹlòmíràn ni ohun tó ti ṣe òun. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń lọ bíi pé ẹni méjì ni ẹni tó kàwé àti ẹni tó jìyà. Inú ènìyàn kan náà ni wọ́n máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà, tí iṣẹ́ náà sì ń kọ́ ọ pé kó fi ọ̀kan pamọ́.

Ohun tí fásitì ń ṣe tí ayé kì í ṣe

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fi ojú tín-ín-rín wo dìgírì. Ẹ̀kọ́ kan wà tí ìyà kì í kọ́ni. Ẹnì kan wọlé, ó rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ní ìfẹ́ sí nǹkan kan mọ́, ó ń sanra. Ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré tó wà lọ́rùn, tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì, ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ayé kò sì lè wò. Ẹlòmíràn wọlé, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní òun kò tíì láyọ̀ tó báyìí rí, òun kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, òun sì ti ná owó gbogbo ilé sórí òwò kan. Ẹni tó ti la ìbànújẹ́ kọjá lè bá a yọ̀. Ẹni tó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ máa dìde wá fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ni mímọ bí a ṣe ń bi ènìyàn láìfi bò pé ṣé ó ń rò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, mímọ ìgbà tí àṣírí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣírí mọ́, mímọ̀ pé ìfẹ́ tó bá ń hù láàárín olùtọ́jú àti ẹni tó wá kì í ṣe ìfẹ́ tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé. Ọmọ ènìyàn kì í mọ ìwọ̀nyí nítorí pé ó ti dàgbà.

Ohun tí mo ní lòdì sí ọ̀nà fásitì ni pé ó ń yan ènìyàn pẹ̀lú owó kó tó fi ọgbọ́n yàn án. Owó ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, owó ìtọ́jú ti akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, owó alábòójútó wà níbẹ̀, àwọn wákàtí tó gbọ́dọ̀ fi jókòó ti àwọn ènìyàn gidi náà sì sábà máa ń jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta tó sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí ó ṣeé ṣe kó mọ ohun tí àárẹ̀ ọkàn ń jẹ́ ju ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì náà lọ, kò ní rí àyè dé ẹnu ọ̀nà. Carl Rogers, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà tó sọ ní 1957 pé ohun tó ń wo ènìyàn sàn ni kí olùtọ́jú jẹ́ olóòótọ́, kó gba ẹni náà bó ṣe wà, kó sì rí ayé láti inú ojú ẹni náà, kò fi dìgírì sínú rẹ̀. Ní 1973, ó tún sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́tàn tó ní ìwé àṣẹ pọ̀ tó àwọn ẹlẹ́tàn tí kò ní.

Àga ìfikùnlukùn

Ní Harare, olú ìlú Zimbabwe, oníṣègùn ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, ti rí i pé òun kò lè dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe. Aláìsàn rẹ̀ kan ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kò rówó ọkọ̀ tó máa gbé e dé ilé ìwòsàn. Ní 2006, Chibanda bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà 14 ní àdúgbò Mbare, àwọn obìnrin tó ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera láàárín àwọn aládùúgbò wọn tẹ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ pe àga tí wọ́n máa jókòó lé ní àga ìlera ọpọlọ. Àwọn ìyá àgbà ní kò sẹ́ni tó máa jókòó lé e. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Shona, chigaro chekupanamazano, tí èmi á pè ní àga ìfikùnlukùn. Ayé mọ̀ ọ́n sí Friendship Bench. Wọn kì í pe àìsàn náà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kufungisisa ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ríro àròjù.

Ohun tí àwọn tó fẹ́ràn ìtàn yìí máa ń gbàgbé ni pé ìyá àgbà nìkan kọ́ ló wà lórí àga náà. Wọ́n kọ́ wọn ní ọ̀nà ìtọ́jú kan pàtó tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti mú ìṣòro lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wá ọ̀nà àbáyọ sí i. Ìwé ìbéèrè 14 wà lọ́wọ́ wọn tó ń fi bí nǹkan ṣe le tó hàn. Ẹni tó bá wà nínú ewu, wọ́n ń fà á lé ẹni tó ju àwọn lọ lọ́wọ́. Alábòójútó wà. Nígbà tí wọ́n fi ènìyàn 573 ṣe ìwádìí, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA sì gbé e jáde ní 2016, ọkàn àwọn tó jókòó lórí àga náà ti fúyẹ́ ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ orí àwọn ìyá náà, ipò wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, kò sí fásitì tó lè fún wọn. Ìyókù, ẹnì kan ló kọ́ wọn.

Ọ̀nà yìí ti ń tàn kálẹ̀ ní ìrísí oríṣiríṣi. Láti 1999 ni ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ti ń fi owó ìlera ìjọba san fún iṣẹ́ àwọn tó ti ní àìsàn ọpọlọ rí tí wọ́n ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní 2016, Problem Management Plus, tó jẹ́ ìjókòó márùn-ún péré tí ẹni tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lè kọ́. Àjọ yìí àti UNICEF tún ti ṣe irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní EQUIP. Nínú rẹ̀, wọn kì í béèrè ìwé tí ènìyàn ní, wọn kì í sì béèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹnì kan á ṣe bí ẹni tó ní ìṣòro, olùrànlọ́wọ́ á jókòó tì í, ẹni kẹta á máa wo ohun tó ṣe: ṣé ó gbọ́ tán? Ṣé ó dá ẹni náà lẹ́bi? Ṣé ó béèrè nípa ewu? Lójú tèmi, èyí ló sún mọ́ ìdánwò tó yẹ jù lọ, mo sì fẹ́ kí fásitì náà máa lò ó kí wọ́n tó gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti san owó tán.

Àwọn kan ti wá fi apá kẹta kún ìjà yìí: ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, tó ti ka ìwé tí ẹnì kan kò lè kà tán láyé, tí kò sì gbé ayé rí fún ìṣẹ́jú kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà fòfin dè é pé kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ má ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, pé ẹni tó ní láíséǹsì nìkan ló ni ín. Ó jọ pé òfin náà gbèjà ènìyàn. Bí ẹ bá kà á pẹ̀lú ojú àwọn ìyá àgbà Mbare, ẹ ó rí i pé ìwé láíséǹsì ló gbèjà.

Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí àríyànjiyàn náà kó lọ báyìí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin kò ti ka orúkọ kánsẹ́lọ̀ sí, ọmọ ẹgbẹ́ BACP tí wọ́n ti fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú alábòójútó fún ó kéré tán wákàtí kan àbọ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ 30 ọdún ló ti wà lẹ́nu rẹ̀, títí ọjọ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè másítà àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, ọjọ́ tí láíséǹsì bá ti tẹ ènìyàn lọ́wọ́ ni òfin dẹ́kun láti máa béèrè pé ta ló ń wò ó.